Ètò Kékeré Tí Ọpẹ́dayọ̀ So Mọ́ Ẹ̀rọ Àláájì Tájù

Ẹsẹ̀ ni Hàmdálàt fi ń ta kọ̀ǹpútà ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Kàbbà nígbà tí Ọpẹ́dayọ̀ kọ́kọ́ fojú kàn án. Ìborùn rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó kó kaṣú wá tà láti Iffe àti Ìkòyí sì ń kùn lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń bínú tó bẹ́ẹ̀! Ọpẹ́dayọ̀ gbàgbé àpò kaṣú ìyá rẹ̀ tó gbé léjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ta á pa, ta ni yóò kọ ìwọ̀n kaṣú wa sílẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin ni dókítà rẹ̀ ni?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Kò parọ́. Kánẹ́ẹ̀lì, ètò àgbà tó ń darí ẹ̀rọ, ni onílé nínú kọ̀ǹpútà: kò sí fáìlì tí a ṣí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ Ọpẹ́dayọ̀ ni láti so ètò kékeré mọ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó máa wò, kí ó sì jíṣẹ́ ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró.

Àláájì Tájù, bàbá Hàmdálàt, ti lọ ra kaṣú ní Odò-Ẹrẹ̀. Hàmdálàt fúnra rẹ̀ ló tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, tó ní kí àlejò jókòó. Ṣùgbọ́n kánẹ́ẹ̀lì yẹ ètò Ọpẹ́dayọ̀ wò, ó rí i pé ó lè máa tún ohun kan náà ṣe láìdúró, ó sì lé e padà.

"Háábà! Dókítà, wọn ò gbà yín wọlé!"

"Onílé tó gbọ́n ni. Kì í gba ẹni tí kò tíì yẹ̀ wò." Ó tún ètò náà kọ, kánẹ́ẹ̀lì sì gbà á. "Ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ká tó mọ ohun tó rí."

Kí ọjọ́ ọjà tó pé, wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí etí fi ń gbóná. Hàmdálàt ń pè é ní Dókítà mi, òun náà ń pè é ní Adúmáradán. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára pátápátá, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí Àláájì gbọ́.

Lọ́jọ́ ọjà náà, Hàmdálàt lọ ṣe àlùwàlá. Ọpẹ́dayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ni Àláájì wọlé.

"Ta ni ọ́? Kí lò ń wá nínú ẹ̀rọ mi?"

Ọpẹ́dayọ̀ dìde. "Bàbá, mo so nǹkan kékeré kan mọ́ ọn ni. Ó ń ṣọ́ gbogbo ohun tó ń ṣe."

Irú ọ̀rọ̀ wo lèyí! Ọkùnrin tí àwọn tí wọ́n jọ ń ra kaṣú ń fa oníbàárà mọ́ lọ́wọ́, kí ni kó gbọ́ bí kò ṣe amí?

"Ta ló rán ọ? Ta ló ṣí i fún ọ?"

Ọpẹ́dayọ̀ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àláájì mú kó yọ ètò náà kúrò, ó sì lé e síta.

Hàmdálàt dé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo ṣí i fún un. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ẹni tó gba ẹ̀yìn mi wọ ìsọ̀ mi, n kò lè fún un lọ́mọ. Wàllàhí, kó má tẹ ibí mọ́!"

Ọpẹ́dayọ̀ kò tẹ ibẹ̀. Òdìkejì títì ló ń dúró sí ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tó ń ké pé, "Okun o, Àláájì!" Nílẹ̀ Okun, ẹni tí a kí ní okun tí kò dáhùn ń bínú gidi ni, Àláájì kò sì dáhùn.

"Dókítà mi, má wá mọ́," Hàmdálàt bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. "Ojú ń tì mí fún ọ."

"Kó máa tì wá lọ. Mo ń bọ̀."

"Tóò. Èmi náà ti sọ fún Bàbá pé n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn."

Nígbà tó yá, lọ́jọ́ tí kaṣú pọ̀ jù, ẹ̀rọ dúró jẹ́ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò wọn padà sínú ọkọ̀. Àláájì wo òdìkejì títì.

"Ìwọ. Wá ṣe é."

"N kò ní fọwọ́ kàn án, Bàbá, àfi bẹ́ ẹ bá jókòó tì mí. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe látilẹ̀ nìyẹn."

Àláájì fa àga. Ọpẹ́dayọ̀ ń kọ ètò náà, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Ṣé kò lè jí nǹkan?"

"Wíwò ni mo ní kó máa wò, Bàbá. Gbogbo ohun tó bá rí, ojú yín ló máa hàn sí."

Ètò náà jíṣẹ́: bí wọ́n bá ti wọn àpò kan, gbogbo fáìlì àtijọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọpẹ́dayọ̀ gbàṣẹ, ó kó wọn sọ́tọ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà.

"Títún ẹ̀rọ ṣe kì í ṣe owó orí ìyàwó o," Àláájì wí.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdáríjì ni mo wá tọrọ. Ní ti Hàmdálàt, bẹ́ ẹ bá lé mi lónìí, màá padà wá lọ́la."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Thomas, ní Ìkòyí. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ."

"Ìyá tèmi náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìyàrá títí ó fi kú. Ìyẹn kọ́." Ohùn Àláájì wálẹ̀. "Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ mi rí ẹni tó fẹ́, ó sì fi pamọ́ fún mi."

Omi bọ́ lójú Hàmdálàt tó dúró lẹ́yìn wọn. Ó nu ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ Ọpẹ́dayọ̀ mú, ó sì fà á jáde sí àárín àwọn àgbẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, n kò fi pamọ́ mọ́, ọkọ mi rèé!"

Ariwo ayọ̀ sọ. Àláájì bọ́ fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní kí Ọpẹ́dayọ̀ sọ fún Thomas kó máa kó àwọn ẹbí bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pé òun fúnra òun ni yóò gbé àga fún wọn.