Ta Ni Kí N Dárí Jì?

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ tíṣà fisíìsì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kó mi nírìíra, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń rí mi lára.

Ní láàbù ilé ìwé, á gbé orí pákó kan sókè, á yí bọ́ọ̀lù irin kékeré sí i, á bi àwọn ọmọ kíláàsì bóyá bọ́ọ̀lù náà ló yàn láti yí sísàlẹ̀. Wọ́n á ní rárá. Á ní bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn: átọ́mù ni wá, òfin ló ń tì wá, kò sẹ́ni tó ń yan ohunkóhun. Ọkàn? Ó ní èéfín lásán ni.

Ọgbọ́n yìí wúlò fún un púpọ̀. Bó bá mutí yó, tó bì sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, òfin ló tì í. Bó bá já àdéhùn, átọ́mù ni. Ọ̀mùtí tó kàwé! Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ télọ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló fi ń ránṣọ. Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn méjèèjì fẹ́ kúrò níbi ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ti yó. Àbúrò mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn wọ takisí. Ẹ̀gbọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wa mọ́tò pẹ̀lú àbúrò nínú rẹ̀, ó sì lọ kọ lu ògiri. Òun kò fara pa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò fọ́ yánnayànna.

Ẹ̀gbọ́n lọ kí i ní ilé ìwòsàn. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń rùn fún ọtí, ó ní kó má bínú, pé láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí bọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àbúrò kọjú sí ògiri.

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Dókítà ní àwọn yóò gé e, pé obìnrin náà sì lè má jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àbúrò ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà kẹ́mísírì, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ onígbàgbọ́, bá a lọ.

Obìnrin náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yín sínú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo fẹ́ dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ta ni kí n wá dárí jì? Ṣé mọ́tò ni?”

Ẹ̀gbọ́n sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bì. Kì í ṣe òórùn ẹsẹ̀ yẹn ló ń rí i lára mọ́. Ara rẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. “Ọlọ́run ló ṣòfin fún irin, irin kò sì jẹ̀bi rí. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí àbúrò rẹ ní kẹ́ ẹ wọ takisí, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

“Kí lo wá ṣe?”

“Mo kọ̀.”

“Ẹni tó gbọ́ tó sì kọ̀ yẹn, òun gan-an ni Jésù wá gbà là.”

Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó ń rùn fún èébì. Ẹ̀gbọ́n kò fi òfin kankan bojú mọ́. Ó sunkún, ó ní, “Olúwa, èmi ni. Mo ṣẹ̀. Ṣàánú mi.” Ó wọlé padà, ó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mo ti dárí jì yín, Bọ̀ọ̀dá. Ó ti tán.”

Obìnrin náà jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹnu kan ọtí mọ́. Bó bá ti kúrò ní ilé ìwé, òun ló ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ fún un.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta lò ń di ẹ̀bi rẹ rù? Ṣé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ni, àbí ayé, àbí átọ́mù? Àwáwí yẹn sú mi, ó sì kó Ọlọ́run nírìíra. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìdájọ́ ló máa lé tìrẹ bá. Ronú pìwà dà lónìí. Kristi kò kú fún átọ́mù kankan. Ìwọ ló kú fún, ìwọ náà ló sì ń pè. O ti gbọ́ báyìí.