Síìpù tí Wọ́n Dá Padà

Télọ̀ ni mí, mo sì máa ń purọ́. Bí mo bá ní kí ẹ wá gba aṣọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ yáa fọkàn sí ọjọ́ Ajé. Irọ́ kan ṣoṣo tí mò ń pa nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí lára rẹ̀. Ojú ìyá mi ló ṣe, ìyá mi sì ṣì wà láyé, ẹ lè bi wọ́n.

Aṣọ ọmọdé ni mò ń rán ní Igbó Ẹfọ̀n. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lójú títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ni mo rán ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ sánmà kan fún Dúródọlá, ọmọ Àǹtí Fèyíkẹ́ tó ń gbé ní Thomas Estate. Ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ibà ló mú un lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ṣòkòtò náà.

Àwọn ẹbí ọkọ kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde nílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí aṣọ ọmọ tó kú wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó má baà máa gbé e mọ́yà sunkún. Àǹtí Fèyíkẹ́ fi ṣòkòtò aláwọ̀ sánmà yẹn pamọ́ sínú àpótí. Ó tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọdún yípo. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Ó gbé nǹkan lé tábìlì mi.

"Àǹtí Suliat, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Aṣọ tí mo rán ni. Mo mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì mi ti ṣìnà létí àpò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣòkòtò mọ́. Ẹnì kan ti tú u palẹ̀, ó sì ti fọwọ́ tún un rán: ìrépé kan níwájú, ìrépé kan lẹ́yìn, okùn òwú láti fi so ó mọ́ ìdí. Ó ti ṣá. Ó ń run èéfín igi.

"Èmi kọ́ o. Àbí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Mi ò ní ọmọ ọ̀dọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò sì kúrò lọ́rùn mi."

Ìyá mi máa ń jókòó tì mí, wọ́n á máa bá mi rán bọ́tìnì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn.

"Bàǹtẹ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Ìyá ìyá mi ló fi irú ẹ̀ hàn mí. Láyé tiwọn lọ́hùn-ún, ọmọkùnrin kì í tètè ní aṣọ. Bó bá ti tó ẹni tí à ń rán lọ sódò, wọ́n á so bàǹtẹ́ fún un. Bó bá ń bá bàbá ẹ̀ lọ sóko, ó di ṣòkòtò kíjìpá. Kò sí pátá nígbà náà. Ọ̀kan yẹn náà ni tinú, òun náà ni tòde."

"Ìyá, ta ló so bàǹtẹ́ fún ọmọ mi?"

Àǹtí Fèyíkẹ́ wá la ọwọ́ rẹ̀ kejì. Àkísà kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ta á ní kókó. Rọ́bà ìdí ṣòkòtò yẹn ló wà nínú rẹ̀, àti bọ́tìnì rẹ̀.

Ẹni tó tú aṣọ yìí kì í ṣe olè. Ohun tí kò mọ ìwúlò rẹ̀, ó dì í, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Mo rò pé Àǹtí Fèyíkẹ́ máa sunkún. Inú ló ń bí i.

"Ọmọ mi ò ní máa so bàǹtẹ́ kiri lọ́run bí ọmọ aláìníyàá. Ẹ rán òmíràn. Ẹ fi síìpù sí i. Ẹ fi pátá tì í."

"Ìwọ̀n wo ni kí n fi rán an?"

Ó ní, "Ẹ wo ìwọ̀n àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

Mo rán an. Ó tì í mọ́ àpótí pẹ̀lú bàǹtẹ́ yẹn.

Lọ́dún kejì, ó tún kó ẹrù dé. Ṣòkòtò náà ti di onídìí gbòòrò olókùn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò rán mọ́. Orúnkún rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi kíjìpá lẹ̀ ẹ́. Síìpù wà nínú àkísà, mímọ́ tónítóní. Ti pátá ló pa ìyá mi lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rán ojú ẹsẹ̀ méjèèjì pa.

"Ẹ gbà mí o, wọ́n ti fi ṣe fìlà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu èmi náà. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ojú ibi tí orí ti fẹ̀ ẹ́ hàn gbangba lára rẹ̀.

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀ mọ́," Àǹtí Fèyíkẹ́ ní. "Bí aṣọ bá gbó mọ́ ọn lára, á wá mi wá."

"Fèyíkẹ́," ìyá mi ní, "ẹni tó ń wọ ọmọdé láṣọ ni ọmọdé ń pè ní ìyá. Bí o bá dáwọ́ dúró, ẹni tó ń tún aṣọ rán fún un lọ́hùn-ún ò ní dúró."

"Èmi ni mo bí i, mà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Àpótí ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Àfi bí Àǹtí Fèyíkẹ́ ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí òjò ń rọ̀, tó gbé aṣọ aláwọ̀ sánmà lé tábìlì. Bàǹtẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni, inú àpótí ló ní òun ti bá a. Ó ti padà di ṣòkòtò péńpé, bí mo ṣe rán an gan-an. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìyànjú kí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹ̀rọ. Rọ́bà wà nídìí rẹ̀. Bọ́tìnì wà lára rẹ̀. Àkísà tí wọ́n dì wọ́n sí lọ́jọ́ kìíní ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi látìgbà náà. Mo fà á yọ. Wọ́n ta á ní kókó síbẹ̀, òfo ló wà nínú rẹ̀.

"Èyí tó bá kéré mọ́ ẹ̀gbọ́n," ìyá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "àbúrò là ń fún."

Àǹtí Fèyíkẹ́ fọwọ́ bo ikùn rẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lóyún.

Kò gbé aṣọ náà lọ sílé. Ó ní kí n fi kọ́ ìṣó. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ bí yìí, èmi ni màá máa wọ̀ ọ́ láṣọ."

Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọkùnrin ló bí, Ọláyọdé. Kò sí aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ tí ìyá rẹ̀ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún un. Kò sí fọ́tò Dúródọlá nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Fèyíkẹ́ mú un wá kí n wọ̀n ọ́n fún ṣòkòtò ilé ìwé. Ọmọ jẹ́ẹ́ ni. Ó dúró, mo fi téèpù yí i nídìí. Ó rí síìpù lórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ má fi ìyẹn sí i o."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n lò."

Ìyá mi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, "Ta ni ò mọ̀ ọ́n lò?"

"Ìyá ẹ̀gbọ́n mi."

Àǹtí Fèyíkẹ́ fa ọmọ náà mọ́ra débi tí ọmọ fi ní ó ń dun òun. Ẹ̀rù bà mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

"Ẹ fi síìpù sí i," ó ní. "Ẹ rán an kó le."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀, ìyá mi sì rán bọ́tìnì mọ́ ọn. Mo ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀, aṣọ sì ti parí, mi ò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn. Síìpù ṣì wà lára rẹ̀. Bọ́tìnì rẹ̀ ni mi ò rí, wọ́n ti fọwọ́ tú òwú rẹ̀ kúrò.