Àpótí Irinṣẹ́ Kì Í Lọ Síbi Tí Olúwa Rẹ̀ Kò Sí

Bùsàrí káfíńtà ń fi òróró pa ayùn rẹ̀ níwájú ilé ní Kabusa nítòsí Àbújá, ó sì ń súfèé. Ìdáyátù ìyàwó rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ti mọ̀ pé súfèé yẹn kì í ṣe lásán.

"Bàbá Ràdíátù, òrùlé Bàbá Ṣékwò ńkọ́? Òjò mà ti ń ṣú."

"Bàbá Ṣékwò á ní sùúrù. Iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ló ń bọ̀ yìí. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi iṣu san ni kí n máa ṣe títí ayé?"

"Iṣu ọ̀hún náà lẹ jẹ lánàá tí ẹ ní kí n bù kún un."

Bùsàrí tún da òróró sí ayùn. Ó ń bá súfèé rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìlú tuntun ti gbóná ní Àbújá ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kabusa ti ń wá bí wọn yóò ṣe rí tiwọn níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ṣítù wá gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dé. Ó ní kọ́ńpìnnì kan fẹ́ kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí Wuye, Kabusa ni wọn yóò sì ti mú òṣìṣẹ́. Kí oníkálukú kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá, òun yóò bá wọn gbé e síbi iṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà gba àyè wọn.

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣàjèjì létí rẹ̀. Bí káfíńtà bá ti bá onílé sọ̀rọ̀ tán, yóò fi òòlù rẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó lọ sùn. Káfíńtà mìíràn tó bá dé, tó bá òòlù nílẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò yí padà sí. Àìmọye iṣẹ́ ni Bùsàrí ti fi òòlù dì mú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ Ṣítù dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Mùíbì akunlé ti gbé àkàbà àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Bùsàrí gbé àpótí tirẹ̀ lé e. Ayùn, ìfági, òòlù, gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe nàró ni Àǹtí Mùfúlíátù, ẹ̀gbọ́n Ìdáyátù, yọ. Gàríkì ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì Léébọ̀, níbi tí ìjọba ti ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

"Àna mi, ṣé ẹ ń kó kúrò nílùú ni?"

Bùsàrí fi ẹ̀rín ṣàlàyé fún un. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ṣítù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo lẹ bá ilé náà dé?"

"Ìpìlẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́, màdáámù."

Àǹtí yíjú sẹ́yìn ọkọ̀. Ó kàn ń wo búrọ́ọ̀ṣì Mùíbì. Bùsàrí náà wò ó, ó sì kọjú sí Ṣítù.

"Ìpìlẹ̀ kẹ̀?" ni Bùsàrí bi í. "Kí ni akunlé fẹ́ kùn nínú kòtò ìpìlẹ̀?"

"Bóyá ekòló ni wọ́n ní kí n kùn lọ́dà," ni Mùíbì wí.

Ṣítù ní, "Nítorí ìgbà tó bá kàn yín ni. Kí àyè yín má baà lọ."

Bùsàrí ń rò ó. Òòlù tí èèyàn fi ń di iṣẹ́ mú, ẹyọ kan ni, èyí tó ti gbó jù ni pẹ̀lú. Ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń gbé e sílẹ̀, nítorí pé ọ̀la ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti gbé odindi àpótí rán èèyàn rí?

Àǹtí Mùfúlíátù tún béèrè, "Ìwé àṣẹ tí Léébọ̀ fún yín láti máa kó òṣìṣẹ́ jọ ńkọ́? Òfin kò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọkọ̀ gùn."

"Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ kí ọ̀gá yín."

"Kai, kò sí àyè níwájú, màdáámù."

"Ẹ̀yìn náà tó mi. Orí àpótí àna mi ni n ó jókòó sí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣítù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bùsàrí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mùíbì fa àkàbà rẹ̀ yọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Òfìfo ni ọkọ̀ náà bá lọ, eruku ló fi dágbére.

"Mo ti há nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sórí," ni Àǹtí wí. "Bí mo bá kúrò níbí, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ tààrà."

Bùsàrí jókòó lórí àpótí rẹ̀.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ká ní ó gbé e lọ ni, kí ni ǹ bá máa fi ṣiṣẹ́ jẹun?"

"Ẹ̀ bá máa fi súfèé ṣe é," ni Ìdáyátù dáhùn, ó sì bu omi tútù fún un.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Àǹtí là á yé wọn. "Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ kọ́ńpìnnì, kó wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní ọ̀fẹ́. A kì í gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kabusa yìí náà. Àgbẹ̀ ń wá èèkù ọkọ́, alágàrí ń wá pákó tí yóò fi fún ẹ̀gẹ́, ọlọ́jà ń wá tábìlì, ọlọ́kọ̀ ń wá ẹni tí yóò kan pákó sẹ́yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ ìlú tuntun yóò parí lọ́jọ́ kan. Àwọn wọ̀nyí ti wà kó tó dé, wọn yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀."

Bùsàrí gbé àpótí rẹ̀ lérí, ó kọrí sí ilé Bàbá Ṣékwò. Àgbẹ̀ ọmọ Gbàgyí ni bàbá náà, ó ti ń wo ojú ọ̀run láti àárọ̀.

"Sànnu, Bùsàrí. Mo rò pé o ti di ará kọ́ńpìnnì."

"Ó ku díẹ̀ kí n di ọ̀kan nínú wọn, Bàbá. Ẹ bá mi di àkàbà mú."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ìró rẹ̀ lórí páànù ni wọ́n ń gbọ́, kò sí ẹ̀kán kan tó jò sílẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa, iṣẹ́ tòótọ́ kì í gba irinṣẹ́ lọ kó fi oníṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kó yín lọ síbi iṣẹ́, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí ibi iṣẹ́ náà. Bí kò bá yé yín, ọ́fíìsì Léébọ̀ tó súnmọ́ yín kò ní gba nǹkan kan kó tó la ọ̀rọ̀ náà yé yín. Kí iṣẹ́ ńlá tó dé, ẹ má ṣe fi òrùlé aládùúgbò yín sílẹ̀ fún òjò.