Ẹni Tó Jókòó Síwájú Ọkọ̀

Ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo bá jókòó sí ìdí rẹ̀, imú rẹ̀ máa ń gbé sókè ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń dá tukọ̀ lọ sọ́nà jíjìn fi ń kó ẹrù síwájú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Adátukọ̀ padà dé, tí kò ku ẹrù kankan nínú ọkọ̀ rẹ̀, pẹrẹsẹ ni ọkọ̀ náà tẹ́ lórí omi. Ìyàwó rẹ̀, Alábúrẹ́dì, tó sáré dé èbúté pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, rí i pé ọkùnrin náà kọ́kọ́ na ọwọ́ síwájú, bí ẹni fẹ́ fa èèyàn dìde. Ó dúró díẹ̀, ó ká ọwọ́ náà kò, ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin náà ò kà á sí. Láti ìgbà òjò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé ni ọkọ rẹ̀ ti wà lójú omi, tí àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹja. Kó ṣáà ti dé láàyè.

Inú ilé lọ̀rọ̀ ti wá sú u. Bó bá kọjú sí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà á gbé ojú sílẹ̀. Àfi tó bá kẹ́yìn sí i, tó ń po ìyẹ̀fun, ni yóò tó máa rẹ́rìn-ín, tí yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ jẹ́jẹ́.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ó bi í lọ́jọ́ kan. "Àbí ojú mi ló burú ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ojú omi ju ohun tí èèyàn lè dá gbé lọ. Òun kọrin, orin tán. Òun bá àjẹ̀ tí òun fi ń tukọ̀ jà, òun tún bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí òun fẹ́ fi ara òun sílẹ̀ fún omi, òun pe ìyàwó òun, ẹnì kan sì dáhùn níwájú ọkọ̀.

"Aṣọ ẹ ni, ohùn ẹ ni," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ó kẹ́yìn sí mi. Bí ìjì bá ń bọ̀, á sọ fún mi. Kò bojú wẹ̀yìn rí, débi tí mo fi gbàgbé ojú ẹ."

"Òun dà báyìí?"

"Ó wà nínú ọkọ̀. Mo ní ká jọ sọ̀ kalẹ̀, ó ní ilé ti ní ìyàwó. Ó ní kí n máa bọ̀. Mi ò lè sùn mọ́."

Owú jẹ Alábúrẹ́dì, àánú sì ṣe é. Ó ti gbọ́ nípa orogún ilé, ó ti gbọ́ nípa ti ìta, ti inú ọkọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Obìnrin tí omi tó bá ti ju ti garawa lọ máa ń já láyà ni. Síbẹ̀, ó pa iná ààrò, ó ti ilé búrẹ́dì.

"Ẹ dìde. Èmi ni mo máa jókòó síwájú lónìí."

Pákó iwájú ọkọ̀ tó jókòó lé gbóná, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Wọ́n kúrò létí omi. Ó gbọ́ tí èémí ọkọ rẹ̀ ń rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bíi ti àtijọ́. Ó bá gbìyànjú láti yíjú padà.

"Má bojú wẹ̀yìn, jọ̀ọ́," ọkùnrin náà ní. "Tó bá lọ ńkọ́?"

Ó yí gbogbo ara padà. "Ẹ wò mí. Èmi rèé."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ìwọ rèé," ó ní. "Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ rèé! Háà, ìyàwó mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní ebi ń pa òun, oorun ń kun òun, kí àwọn padà sílé.

Alábúrẹ́dì gbójú sókè. Bó ṣe kọjú sẹ́yìn yìí, ó ń rí èbúté lẹ́yìn èjìká ọkọ rẹ̀. Èéfín ń rú nínú ilé búrẹ́dì. Obìnrin kan tó wọ irú aṣọ tó wà lọ́rùn Alábúrẹ́dì gan-an kẹ́yìn sí omi, ó ń gbá ẹnu ọ̀nà. Ó gbá a tán, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn bí onílé.

"Ṣé kí n yí ọkọ̀ padà?" ọkọ rẹ̀ bi í.

Ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ẹ má tíì yí i, olówó orí mi. Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ máa wà á lọ."