Ohun Tí Àgbà Rí

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó kí n tó gbé e fún apoògùn."

Kíá, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò yìí nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá, ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ìwé, ni wọ́n wà. Ètò kọ̀ǹpútà tí Kíá ṣe yìí ń tọ́jú orúkọ gbogbo oògùn tó wà lórí pẹpẹ ilé oògùn, bí àsìkò oògùn kan bá sì ti parí, á kọ ọ́ ní pupa kí wọ́n má bàa tà á. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Bí apoògùn bá fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ẹ̀ka ilé oògùn rẹ̀ ni Kíá máa bá a gbé e sí.

Àgbà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, torí òun ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kọ́ Kíá bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ní báyìí, bí oníbàárà bá wọlé, Kíá ni wọ́n ń béèrè. Ká má purọ́, owú ń jẹ Àgbà. Bí Ọ̀gá bá ti yin àbúrò rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú.

Ó wo ètò náà, ó sì rí àṣìṣe kan lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà Kíá ń ka ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ṣùgbọ́n Àgbà ló tún kọ̀ǹpútà orí káńtà apoògùn ṣe lọ́jọ́sí, ó sì mọ̀ pé oṣù ni ìyẹn ń kà ṣáájú ọjọ́. Oògùn tó yẹ kó parí ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ìyẹn á ní ó di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún.

"Ṣé ó dáa?" Kíá bi í.

"Ó dáa. Máa gbé e lọ."

Kí ojú kàn tì í díẹ̀, kí orí rẹ̀ lè wálẹ̀. Ohun tí Àgbà rò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Apoògùn dán an wò, inú rẹ̀ dùn. "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun," ló wí. Àgbà rín ẹ̀rín ìyàngì.

Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, bàbá arúgbó kan wá ra oògùn ikọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní oògùn náà ṣì dáa, wọ́n tà á fún un. Ọmọ náà mu ún, ó bì títí, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wo ara ìgò, tí wọ́n rí i pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá láti oṣù tó lọ. Ọpẹ́ ni pé ara ọmọ náà padà yá.

"Ta ló bá ẹ yẹ iṣẹ́ yìí wò?" Ọ̀gá bi Kíá níwájú apoògùn, tó gbé ẹjọ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Kíá tẹ orí ba. "Èmi nìkan ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àgbà ti ń retí ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Àbúrò tó fẹ́ kí ojú tì ló tún ń bo àṣírí rẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa, mà," ló bá wí. "Ó gbé e fún mi. Mo rí àṣìṣe yẹn, mo dákẹ́. Owú ló ń jẹ mí."

Kíá yíjú sí i. "Mo rò pé ẹ ò rí i ni."

Ọ̀gá kọjú sí Àgbà. "Ìwọ lo ń jowú," ó ní, "ọmọ ọlọ́mọ ló mu oògùn náà."

Apoògùn yọ ètò náà kúrò, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Títí dòní, Kíá ṣì ń pe Àgbà ní ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń kí i láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn án mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí owú kì í jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ewu lójú ọ̀nà ẹlòmíràn, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí ìlara kò mọ ẹni tí ewu náà máa bá.