Ta Ló Jẹ Owó Òrùlé?

Ọkùnrin kan wà tí àwọn èèyàn ń pè ní Bú-wọn-fún-wa. Ó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó bọ́ sínú ẹgbẹ́ alátakò, ó sì sọ ìbínú di iṣẹ́. Bó bá gun pèpéle, á bèèrè pé, "Ta ló jẹ ẹ́?" Àwọn èrò á ní, "Olè ni!" Orí rẹ̀ á wú.

Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé pèpéle òun síwájú ilé ìwòsàn kan tí wọn ò kọ́ parí, àmọ́ tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀, kí fọ́tò lè dára. Òun fúnra rẹ̀ ló fagi lé owó òrùlé ibẹ̀ nígbà tó wà nípò, tó fi tún ọ́fíìsì ara rẹ̀ ṣe. Ó ti gbàgbé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń fìyà jẹ aboyún, ẹni tó dá a ò tiẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́.

"Ta ló jẹ owó òrùlé yìí?" ló ń bèèrè lọ́wọ́ tí òjò fi dé. Ó sá wọ yàrá ìgbẹ̀bí, òjò bá a débẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń rọbí wà lábẹ́ tapólì tí wọ́n ta bo orí wọn, omi ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó rán an níléèwé, tí kò sì yé gbàdúrà fún un. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́.

"Gbọ́n omi yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ohun tí ìjọba yìí ṣe fún yín."

"Ìjọba wo? Ìwọ lo fagi lé e. Mo wá bá ọ ní ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. O ní o máa wò ó. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Ó ní, "Bí mo bá jẹ́wọ́ níta, ìbò ti lọ nìyẹn."

"Kó lọ. Ṣé ìbò ló kú fún ọ ni? Jésù kú fún olè. Àmọ́ olè tó ṣì ń nàka sí ẹlòmíì ò tíì wá sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó ń gbọ́n omi títí òjò fi dá. Gbogbo ìbínú tó fi ń jẹun wá dojú kọ òun fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi níbẹ̀, ó sunkún, ó ké pe Jésù. Lẹ́yìn náà, ó padà sórí pèpéle pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́rùn.

"Ta ló jẹ owó òrùlé yìí?"

"Olè ni!"

"Èmi ni," ló wí.

Wọ́n hó lé e lórí. Ẹgbẹ́ lé e, ìbò sì lọ lóòótọ́. Ó ta ilé rẹ̀, ó fi kan òrùlé náà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn òun kọ́kọ́ balẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má fi í rẹ́rìn-ín. O ti bú àwọn aláṣẹ láàárọ̀ yìí, ó sì tọ́ sí wọn. Òrùlé ta ni ìwọ ká? Aya rẹ mọ̀, àwọn tó o rẹ́ jẹ mọ̀, Ọlọ́run sì mọ̀. Inú ń bí I sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, síbẹ̀ Ó fi Ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwọ má bàa ṣègbé. Má dúró de òjò. Kúnlẹ̀ síbi tó o wà lónìí, bí Ọlọ́run bá sì bèèrè pé ta ló ṣe é, dárúkọ ara rẹ.