Gíráàmù Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ọfà kẹta tún balẹ̀ ṣáájú pátákó. Ó wọ inú koríko, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Tíńtín bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá a gbé àga wá," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjì wí. "Ó ti rẹ ọfà ẹ̀. Ó fẹ́ jókòó."

"Ìwọ náà lọ jókòó tì í," ni Tíńtín fèsì, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Tíńtín nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà. Ó ti kú láti ọdún tó kọjá. Ọrun tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí ni ohun tó gbẹ́ kẹ́yìn, pẹ̀lú ọfà márùn-ún. Nítòsí ìyẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan, ó fi pẹ́ńsùlù kọ 28 sára igi. Gíráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìwọ̀n ọfà náà. Méjì tó tẹrí ba, àti mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kò pa dé dáadáa. Lọ́sàn-án tí ilé bá dákẹ́, Tíńtín a máa gbé àtàǹpàkò lé nọ́ńbà náà, yóò sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni olùkọ́ eré ìdárayá fẹ́ mú ẹni mẹ́rin tí yóò lọ síbi ìdíje. Pátákó mẹ́ta ni wọn yóò ta: èyí tó wà ní ogún ìgbésẹ̀, ti ogójì, àti ti ọgọ́ta. Kí bàbá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ti sọ fún un pé, "Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá lọ. Èmi á jókòó síwájú pátápátá." Tíńtín mọ̀ pé òkú kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Síbẹ̀, ó ń ṣe é bíi pé bí òun bá ṣáà ti lè dé ibi ìdíje náà, òun á wo iwájú, òun á sì rí i.

"Bàbá ẹ ló gbẹ́ ẹ, mo mọ̀," ni Ìjì sọ bí wọ́n ti ń lọ sílé. "Àmọ́ ọfà yẹn wúwo. Wo tèmi, bí ẹni mú gègé ìkọ̀wé dání ni. Fi sáńpépà ha á, jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Ní ilé, ó bá bàbá àgbà, bàbá bàbá rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ ló ti wá ń bá wọn gbé. Ojoojúmọ́ ni í máa jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ náà láìṣe nǹkan kan.

"Bàbá àgbà, ṣé ọfà yìí ò wúwo jù?"

"Kò wúwo jù."

"Kì í dé pátákó kẹta."

"Gbé ọwọ́ sókè sí i. Ìgbà mélòó lo ti dán an wò?"

"Ó ti tó ìgbà mẹ́wàá, sà."

"Dán an wò ní ọgọ́rùn-ún ìgbà." Ó tọ́ka sí ọrun náà. "Agbára ọrun ni bàbá rẹ wò kó tó yan ọfà yẹn. Bí ọfà bá fúyẹ́ jù, kò ní lè gbé gbogbo agbára náà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á padà sínú igi ọrun, á sì máa fọ́ ọ níkọ̀kọ̀. Ó ní bí o bá gbọ́ tí ọrun ń pariwo, ó ń jìyà ni."

Tíńtín mọ èyí. Ọrun bàbá rẹ̀ kì í pariwo. Bí Tíńtín bá ti jáwọ́ lára ọsán, okùn ọrun náà, ohùn kékeré kan ni í jáde, "hùn", bíi ti ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì gbà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bàbá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ìyá wà níbi iṣẹ́ aṣọ rírán. Tíńtín mú sáńpépà, ó yọ àwọn orí irin, ó sì fi kéékèèké rọ́pò wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha igi. Ní ọfà àkọ́kọ́, ó fo ibi tí nọ́ńbà wà. Ibẹ̀ wá yọ gọnbu bíi kókó, irú ọfà bẹ́ẹ̀ kò sì lè fò dáadáa. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó di ojú, ó sì ha á. Àwọn mẹ́rin tó kù kò gba àkókò púpọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọfà àkọ́kọ́ lọ fìrì, ó gbá àárín pátákó. Ọrun náà pariwo: "Páà!" Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n títí dé èjìká.

"Tíńtín! Kí lo fún un jẹ?" ni Ìjì kígbe.

Ó ta èkejì. Páà. Ìkẹta, páà. Ó ta ìkẹrin sí pátákó kẹta, ó sì wọlé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó ku ẹyọ kan. Tíńtín ti gbọ́ ohùn ọrun náà, kò sì lè sọ pé òun kò gbọ́. Ó tún fà á.

Ọrun náà ya lókè ibi ìdìmú. Ìdajì rẹ̀ ń fì lórí ọsán bí apá tó ti yẹ̀.

Ìjì ló kọ́kọ́ sáré dé. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. "Ṣé kò gé ẹ lọ́wọ́?"

Olùkọ́ wo ọrun, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò lè kọ orúkọ ẹni tí kò ní ọrun," ló wí.

Nígbà tí Tíńtín délé, bàbá àgbà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, awò tuntun wà lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kó ọrun àti àwọn ọfà náà sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ láìfi ìkankan pamọ́.

Bàbá àgbà kò wo ọrun náà pẹ́. "Igi ni. Igi máa ń kán." Ó mú ọfà kan, ó gbé e súnmọ́ awò, ó yí i padà. Ó mú òmíràn. Ó wo márààrún tán.

"Ibo ló wà?"

"Kí ni, sà?"

"Ohun tó kọ." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ojú mi ò rí pẹ́ńsùlù mọ́ láti ìgbà òjò. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ gba awò yìí."

Tíńtín gbé àtàǹpàkò lé ibi tó ti ha. Omi ojú ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú igi bò.

Bàbá àgbà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó mú ọfà kẹfà jáde nínú aṣọ kan, èyí tí Tíńtín kò rí rí. "Èyí ló kọ́kọ́ ṣe. Òun ló fi wọn àwọn yòókù." Ó gbé e sókè láti kà á, ó sì bọ́ awò, ó ń nù ún. Ó nù ún, ó tún nù ún. "Gbà. Bá mi kà á."

Méjì tó tẹrí ba wà níbẹ̀, àti mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Lábẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kí ó má baà gbàgbé: "Ó tó. Má ha á mọ́."

Tíńtín kà á sókè fún un, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀.

Tíńtín kò lọ síbi ìdíje lọ́dún náà. Igi tí yóò fi gbẹ́ ọrun mìíràn ṣì ń gbẹ lórí àjà, yóò sì tó ọdún kan. Ní báyìí, ọfà ló ń ṣe. Bàbá àgbà fi okùn so igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ ní àárín, wọ́n ń so ọfà bàbá rẹ̀ kọ́ apá kan, wọ́n ń so tuntun kọ́ èkejì. Bí igi náà bá dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, Tíńtín a mú pẹ́ńsùlù, a sì kọ 28. Méjì tirẹ̀ kì í tẹrí ba.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ti fi sùúrù wọn nǹkan fún yín, ẹ má ṣe fi ìkánjú ọjọ́ kan ha á dànù. Igi ọrun á tún hù. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó ti lọ kò ní hù mọ́.